Ẹ Fi Igi Díẹ̀ Sílẹ̀ Lẹ́yìn Kíláàsì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè ṣe, ẹ má wò ó lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ mú un lọ sábẹ́ igi, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ohun tí ẹ̀yin kò rí: ihò tí òkété gbẹ́ sábẹ́ gbòǹgbò, ìkarahun ìgbín tó ti gbẹ, eèrà tó tò lọ sókè igi. Yóò béèrè ibi tí eèrà ń lọ. Bí ẹ kò bá dá a lóhùn, yóò tẹ̀ lé e lọ wò ó.

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí. Ìjùmú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìwọ̀-oòrùn Kogí, níbi tí igbó ti ń tán lọ tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ìrókò àti emi, igi tí à ń fi hóró rẹ̀ ṣe òrí, jọ wà lórí ilẹ̀ kan náà. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni pé ó yẹ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé nílẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Kogí, láti Kàbà dé Mọpà, láti Búnú dé Ẹ̀gbẹ̀, ní igbó kékeré tirẹ̀ tí àwọn ọmọ á máa lọ. Mi ò ní ká kó ọmọ wọ ẹgàn. Igi mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilẹ̀ tí a kò fi sìmẹ́ńtì bò, ìbòji, àti àgbà tó mọ orúkọ nǹkan, ó ti tó. Pé kí wọ́n máa padà síbẹ̀ ló ṣe kókó, ibì kan náà, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, lójò lẹ́ẹ̀rùn.

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún nílẹ̀ Òkun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Oko la ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀. Ọ̀nà oko ni ìyá mi ti fi hàn mí pé bí àdá bá gé mi lọ́wọ́, ewé Akíntọ́lá ni kí n já, kí n rún un, kí n fún omi rẹ̀ sójú egbò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ igi awin yàtọ̀ sí igi ìyeyè. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé emi tó bá já fúnra rẹ̀ ló dùn, pé èyí tí a bá fi igi lù já kò tíì gbó. A máa ń jí ní kùtùkùtù lọ ṣa á kí ewúrẹ́ tó dé ibẹ̀. Ìkarahun ìgbín la fi ń ṣe òkòtó, a ó dá a sórí ilẹ̀ títí, ẹni tí tirẹ̀ bá pẹ́ jù lórí ìdúró ló jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa oko. Igi ìdáná máa ń wà lórí wa bí a bá ń bọ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá gbin ìrẹsì á jókòó ti ẹyẹ láti ìdájí títí oòrùn á fi wọ̀. Àárín iṣẹ́ kan sí èkejì la ti ń rí ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣeré, ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni mo sì ń rántí jù. Ohun tí mò ń wá fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ kò ju ìṣẹ́jú yẹn lọ: kí ó di wákàtí, kí ẹrù sì kúrò lórí rẹ̀.

Àwọn ọmọ òde òní kò tilẹ̀ rí ìṣẹ́jú náà. Ọ̀kadà á gbé wọn láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu géètì. Àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ ti di sìmẹ́ńtì. Bí wọ́n bá délé, fóònù ìyá ló ń bá wọn ṣeré títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tó lè ka orúkọ ẹranko ilẹ̀ yìnyín lẹ́sẹẹsẹ, tó sì mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ké, ṣùgbọ́n bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá sáré kọjá lórí igi mángòrò ilé wọn, eku ló ń pè é. Ọmọ náà kò ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi hàn án rí.

Ó yẹ kó jọ wá lójú pé bí àwa ṣe ń fi sìmẹ́ńtì bo ilẹ̀, àwọn tí a lérò pé à ń tẹ̀ lé ti padà sábẹ́ igi tipẹ́. Friedrich Froebel, ará Jámánì tó dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kéékèèké sílẹ̀ ní Blankenburg ní 1837, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olùtọ́jú igbó nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó gbà pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ebè tirẹ̀ tí yóò máa gbin nǹkan sí. Ní 1914, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Rachel àti Margaret McMillan, ṣí ilé ìtọ́jú ọmọdé sí Deptford ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àdúgbò tálákà tí ilé ti há, tí àìsàn sì ń bá àwọn ọmọ jà. Gbangba òde ni àwọn ọmọ náà ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sùn lọ́sàn-án. Ní Dẹ́nmáàkì, lẹ́yìn 1950, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ella Flautau bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ aládùúgbò lọ sínú igbó. Àwọn òbí rí i, ó wù wọ́n, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ẹ̀kọ́. Ní 1993, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ láti Bridgwater nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wo ti Dẹ́nmáàkì. Nígbà tí wọ́n délé wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ó sì tàn kálẹ̀ láti ibẹ̀. Ní Jámánì lónìí, irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ju 1,000 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ju ahéré kan tí wọ́n ń sá sí bí ìjì bá dé.

Nínú òtútù tí omi ti ń dì ni àwọn ọmọ wọn ń jáde. Àwa, bí ojú ọ̀run bá ṣú lásán, a ti lé àwọn ọmọ wọlé.

Ìlànà wọn kò ṣòro. Kì í ṣe ìgbafẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tí a ó wọ aṣọ kan náà, tí a ó ya fọ́tò, tí a ó pín ìrẹsì, tí a ó sì padà sílé. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni, sí ibì kan náà, kí ọmọ lè rí igi kan náà nígbà tó rúwé, nígbà tó so, àti nígbà tó wọ́wé. Olùkọ́ kì í sì í darí gbogbo nǹkan. Ọmọ ló ń yan ohun tí yóò wò, àgbà á máa wò ó, á máa dá sí i níbi tó bá yẹ. Èyí ló nira jù fún àwa olùkọ́ ilẹ̀ yìí. Wọ́n ti kọ́ wa pé bí kíláàsì bá dákẹ́ tí a kò sọ̀rọ̀, a kò ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo rí. Ìgbà òjò ni, ilẹ̀ ṣì tutù, ìjàlọ sì dábùú ọ̀nà tí a máa ń gbà wọ igbó wa. Mo ní kí àwọn ọmọ dúró jìnnà, nítorí ìjàlọ kì í fi ọmọdé ṣeré. Ìlà dúdú ni, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó ń ti abẹ́ koríko kan ṣàn bọ́ sábẹ́ òmíràn. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ìyá rẹ̀ ní ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ bó bá wà nílé, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, orí ló fi ń dáhùn. Ó lóṣòó, ó tẹjú mọ́ ìjàlọ náà títí, ó wá ní: “Àǹtí, àwọn olórí ńlá ò rìn. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kékeré ló ń kọjá láàárín.”

Èmi náà lóṣòó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Lọ́tùn-ún lósì, àwọn tí orí wọn tóbi dúró, wọ́n la ẹnu sókè, wọn kò mira. Láàárín wọn ni àwọn kéékèèké ń sáré, àwọn mìíràn sì gbé nǹkan funfun há abẹ́ ikùn. “Ọmọ wọn ni?” Ọmọbìnrin kan ló béèrè. Mo ní ọmọ wọn ni, wọ́n ń kó kúrò nílé wọn àtijọ́. Mo sọ fún wọn pé ìjàlọ wọ̀nyí kò ríran, òórùn ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà. Ni gbogbo wọn bá di ojú, wọ́n gbé imú sókè, wọ́n ń gbóòórùn afẹ́fẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo da ìdérí ìgò sórí ẹní bí mo ṣe máa ń ṣe fún ìṣirò. Ọmọkùnrin yẹn ṣa àwọn ìdérí ńlá sí ẹ̀gbẹ́ méjì, ó to àwọn kékeré sáàárín ní méjì méjì, ó sì ń kà wọ́n sókè. Ọmọ mìíràn na ọwọ́ mú ìdérí ńlá kan kúrò. Ọmọkùnrin náà ní, “Dá a padà, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn níbí mọ́.” Kò di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ kan náà, títí di ìsinsìnyí ó ṣì máa ń pẹ́ kó tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n a ti mọ ohun tó lè mú un sọ̀rọ̀.

Emi náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí oṣù kẹfà bá dé, àwọn ọmọ á ṣa èyí tó já nílẹ̀, wọ́n á pín in: èyí tó rọ̀, èyí tó le, èyí tí ẹyẹ ti sọ. Mi ò sọ fún wọn pé kí wọ́n pín in bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, a ó fọ hóró, a ó kà á ní mẹ́wàá mẹ́wàá, a ó sá a sóòrùn. Ìyá àgbà kan tó ń ṣe òrí ní àdúgbò wa wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n: bí wọ́n ṣe ń fọ́ èèpo hóró, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ po ó pẹ̀lú omi títí ọ̀rá á fi léfòó ní funfun. Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ọ̀rọ̀ Ìjùmú pọ́ńbélé ló fi ń bá wọn sọ, èdè tí ọ̀pọ̀ òbí wọn kò fi bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí pé wọ́n fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Babátúndé Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ifẹ̀ ní 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Ó dá mi lójú pé abẹ́ igi ni èdè ìyá ti ń rọrùn jù fún ọmọ kékeré, torí pé ohun tí à ń dárúkọ wà níwájú rẹ̀, ó lè gbé e, ó lè gbọ́ òórùn rẹ̀.

Àwọn òbí kò gbà lójú ẹsẹ̀. Ìyá kan wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, kò bínú, ohùn rẹ̀ ló wúwo. Ó ní: “Àǹtí, torí kí ọmọ mi má baà fi oko ṣayé ni mo ṣe ń san owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin náà tún wá ń mú un lọ sígbó.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Nílẹ̀ wa, ìwé ni ọ̀nà tí àwọn òbí fi yọ ọmọ kúrò lábẹ́ ẹrù, ọ̀pọ̀ bàbá ló ta kòkó, ta kọfí, ta iṣu torí ìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún irú òbí bẹ́ẹ̀ pé eré inú igbó dára gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ ṣàlàyé.

Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ fún un pé ọmọ tó ń gun kùkùté, tó ń fo gbòǹgbò, tó ń fi ìka méjì mú kòkòrò láìpa á, ọwọ́ tí yóò fi di pẹ́ńsù mú ló ń kọ́. Mo sọ fún un pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2019 pé ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin gbọ́dọ̀ máa lo ó kéré tán 180 ìṣẹ́jú lójúmọ́ lórí ìrìn, eré àti ìdárayá, kó má sì jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n ju wákàtí kan lọ. Mo sọ ti Guangzhou ní Ṣáínà fún un, níbi tí àwọn onímọ̀ ti fi 40 ìṣẹ́jú ti ìta gbangba kún ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn ọmọ wọ̀nyí ni kò rí ọ̀ọ́kán mọ́ dáadáa, nígbà tí àwọn tí kò rí àfikún náà tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Finland, wọ́n gbé ilẹ̀ igbó gidi, tòun ti koríko rẹ̀, wá sí àgbàlá àwọn ilé ìtọ́jú ọmọdé. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020 fi hàn pé láàárín ọjọ́ 28 tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré níbẹ̀, kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe ara lóore pọ̀ sí i ní awọ ara wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn sì fi àmì hàn pé agbára tí ara fi ń gbógun ti àìsàn ń wà déédéé. Ọmọ 75 péré ni wọ́n yẹ̀ wò, nítorí náà mi ò ní sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Síbẹ̀, ó tó láti mú kí n yé pariwo mọ́ ọmọ tó bá fi erùpẹ̀ pa ọwọ́.

Ohun tí mo sọ kọ́ ló yí ìyá náà lọ́kàn padà. Ó tẹ̀ lé wa lọ́jọ́ kan. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí ewé tí èmi gan-an kò mọ̀, tó ń sọ èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń wẹ ọmọ tuntun fún àwọn ọmọ. Bàbá kan wà tó mú ọmọ tirẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Mo kí i pé ó dàbọ̀ tọkàntọkàn. Ọmọ rẹ̀ ni.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń ka èyí láti Yàgbà, láti Búnú, láti ojú ọ̀nà èyíkéyìí tó wọ Kàbà. Àwọn ajínigbé. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, àwọn àgbẹ̀ wa ti fi oko tó jìnnà sílẹ̀, wọ́n ń fi iṣu sílẹ̀ nínú ebè nítorí ẹ̀mí. Ta ló máa mú ọmọ ọdún mẹ́rin wọ igbó lásìkò báyìí? Ó dùn mí dé egungun pé igbó tí àwọn baba wa mọ igi inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ti di ohun tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọ. Mo ti rí àwọn ọmọ kéékèèké tó ń ṣe bójúbójú, tí ẹni tó ń wá ìyókù gbé igi léjìká bí ìbọn, tó ní kí ẹni tí òun bá mú máa pe ilé pé kí wọ́n wá san owó. Eré ni wọ́n ń ṣe. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ní kí igbó ọmọdé wà lẹ́yìn kíláàsì. Bí a kò bá ní ti itòsí, àwọn ọmọ wa á dàgbà láìmọ igbó ju ibi tí wọ́n ti ń jí èèyàn gbé lọ, àwọn tó sì ń bẹ̀rù ilẹ̀ wọn kò ní lè tọ́jú rẹ̀. Tiwa kò kọjá ibi tí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì lè rí. Àwọn ọdẹ àdúgbò máa ń yí i ká ní ìdájí kí a tó jáde. A kì í gbé àwòrán ibẹ̀ tàbí àkókò tí à ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí ìròyìn tí kò dára bá jáde láti abúlé tó yí wa ká, a kì í lọ. Ewé, ẹ̀ka igi, òkúta àti erùpẹ̀ la ó kó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, eré á sì máa lọ níbẹ̀.

Nípa ewu inú igbó fúnra rẹ̀, èyí tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àgbà tó bá ṣọ́ra lè dènà púpọ̀ nínú rẹ̀. A máa ń fi ọ̀pá gígùn lu ilẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wọlé. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn ń wọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ ihò, kò sì gbọdọ̀ gbé igi tó wà nílẹ̀ tí àgbà kò bá tíì yí i wò. Bí ejò bá bu èèyàn jẹ, kì í ṣe àsìkò à ń fi abẹ sín in, tàbí à ń fi okùn dì í le. Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà mira, kí ẹ sì sáré gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ ti lọ béèrè ṣáájú, ilé ìwòsàn wo ló ní oògùn oró ejò lọ́wọ́. Wèrèpè ń gbó lẹ́ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ á gbé irun rẹ̀ kiri, ẹ gé e kúrò kó tó gbó. Kajú pọ̀ nílẹ̀ wa ju ohun gbogbo lọ, láti oṣù kejì ni àwọn ọmọ á ti máa mu omi èso rẹ̀, ṣùgbọ́n òróró inú èèpo hóró rẹ̀ tútù ń jó awọ, ọmọdé kò gbọdọ̀ fi eyín fọ́ ọ. Olú inú igbó, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n má fi kan ẹnu. Òfin tí àwọn ọmọ mọ̀ jù nìyẹn: nǹkan kan ò gbọdọ̀ wọ ẹnu láìjẹ́ pé Àǹtí ti rí i.

Aṣọ pupa la so mọ́ igi yí ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá ká, àwọn ọmọ ló sì so ó fúnra wọn. Bí mo bá pariwo “Àgò o!”, níbi yòówù tí wọ́n bá wà, wọ́n á dáhùn “Àgò yà!”, wọ́n á sì sáré wá di igi ńlá àárín mú. Mo ti gbìyànjú agogo, mo ti gbìyànjú fèrè. Èyí ni wọ́n fẹ́ràn.

Ẹ̀rù tó ń bà mí jù lọ báyìí kì í ṣe ti ejò. Igi ló ń tán. Àwọn tó ń sun èédú kò mọ emi yàtọ̀ sí igi mìíràn, igi emi sì lè tó ọdún 15 sí 20 kó tó so. Èyí tí wọ́n gé lónìí, ọmọ tó wà ní kíláàsì mi á ti dàgbà kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Ìgbá tí à ń fi irú ṣe náà ń lọ bẹ́ẹ̀. Inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gan-an, àwọn èèyàn rere ló ń gé igi wa. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú á dá owó jọ, ọmọ ìlú tó wà ní Àbújá tàbí Lọ́ńdọ̀nù á fi ilé kíláàsì ta ìlú lọ́rẹ, kátápílà á dé, á sì gbá gbogbo ilẹ̀ mọ́ kanlẹ̀ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ra òdòdó inú ike wá tò sẹ́nu ọ̀nà. Mo dúpẹ́ fún kíláàsì, òjò kò pa ọmọ mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ kanlẹ̀ bẹ́ẹ̀, oòrùn oṣù kẹta kò ní jẹ́ kí ọmọ kankan jáde lọ́sàn-án.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, oṣù karùn-ún ló dára jù lójú tèmi. Òjò ti rọ ilẹ̀, koríko kò tíì ga débi tí yóò bo ọmọ mọ́lẹ̀, emi sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ wákàtí. Ẹ mú àgbà méjì dání, ó kéré tán, kí ọ̀kan lè dúró ti ẹni tó fẹ́ tọ̀ tàbí tó ń sunkún. Ẹ má gbé ìwé lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ tiyín, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Kí kátápílà tó dé, ẹ ránṣẹ́ sí olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Kó wá yí ilẹ̀ náà ká pẹ̀lú yín, kó fi ẹfun sàmì sára àwọn igi tí ó fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀ níhà tí ìbòji ń bọ́ sí lọ́sàn-án, kí ẹ sì sọ fún awakọ̀ kátápílà náà lójú rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ kan èyí tó ní ẹfun lára.